Bí Ẹyin Bá Há sí Pẹ́pẹ́yẹ Nínú

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kò jìnnà sílé rárá. Ẹ̀yìnkùlé ló wà. Àwa tí a ń gbé ní Malu Road, láti ìhà Àpápá títí wọ inú Ajégúnlẹ̀, mọ̀ pé ilẹ̀ kò sí tí a ó fi sin màlúù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ni títì wa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kì í gbàyè. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sìn ín, tí à ń ta ọmọ rẹ̀ tí ọdún Kérésì bá ń bọ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ní abo kan, funfun tó ní dúdú lẹ́yìn. Nínú owó ọmọ rẹ̀ ni mo ti ń ra ìwé fún àwọn ọmọ mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo rí i tó lúgọ sí igun abẹ́ àtẹ̀gùn. Mo ní, “Ó ti fẹ́ sàba.” Mo tilẹ̀ ń yọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì tí kò jẹun, ẹnì kan nínú ọgbà wa ní ẹyin ló há, kí n fi ìka fà á jáde. Mo fà á, ó fọ́ mọ́ ọn nínú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́, ó ti kú. Ohun tó wá burú jù ni pé mo gbé ọ̀rọ̀ náà lé ìyá kan tí a jọ ń gbé ilé lórí, nítorí pé lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ó wò ó, ó ní, “Pẹ́pẹ́yẹ yín yìí mà sanra jù o.” Mo ní ẹnu rẹ̀ ló pa á. Oṣù mẹ́rin gbáko ni a kò fi kí ara wa. Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni obìnrin náà sọ! Pẹ́pẹ́yẹ náà sanra jù, ọ̀rá náà sì wà lára ohun tó pa á.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹyin ṣe ń jáde ná. Irú pẹ́pẹ́yẹ tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, èyí tó ní ẹran pupa lójú, tí kì í pariwo, tó jẹ́ pé híhó ló máa ń hó sí ènìyàn, ẹyin rẹ̀ tóbi. Ó máa ń tó gíráàmù 70 sí 80, nígbà tí ti adìyẹ wà ní àyíká 55 sí 60. Lára adìyẹ, ẹyin kan ń lo bíi wákàtí 24 sí 26 nínú kó tó di yíyé, nínú èyí tí bíi wákàtí 20 jẹ́ ti èèpo nìkan. Ti pẹ́pẹ́yẹ kò jìnnà sí i. Èèpo náà, ẹfun ni púpọ̀ rẹ̀, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní kálísíọ̀mù. Gíráàmù 2 sí 3 kálísíọ̀mù ló ń bá ẹyin kan ṣoṣo lọ. Bí kò bá rí i nínú oúnjẹ, inú egungun ara rẹ̀ ni yóò ti yọ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Kì í ṣe èèpo nìkan ló ń lo kálísíọ̀mù. Iṣan tó ń ti ẹyin jáde, òun náà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Nítorí náà, bó bá tán lára ẹyẹ, èèpo yóò rọ̀, agbára ìrọbí yóò sì tún dín kù, ẹyin yóò wá dúró sójú ọ̀nà. Ẹ kò lè rí i láti òde títí yóò fi pẹ́ jù.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èyí tó ń sàba? Èyí gan-an ni mo kùnà, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ kà á. Èyí tó ń sàba ní ẹyin lábẹ́, bíi 8 sí 15. Yóò ti fa ìyẹ́ àyà ara rẹ̀ tẹ́ inú ìtẹ́. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn, yóò hó sí yín, yóò na ìyẹ́ apá, bóyá kó tilẹ̀ ṣá yín jẹ. Lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, yóò dìde, yóò jẹun kíákíá, yóò mumi, yóò ya ìgbẹ́ ńlá kan tó ń rùn gidi, yóò sì sáré padà. Ọjọ́ 35 ni yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe 21 bíi ti adìyẹ.

Èyí tí ẹyin há sí nínú kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè dúró ní òró, kí ìrù rẹ̀ máa lọ sókè sódò bó ṣe ń mí. Yóò máa ya ẹsẹ̀ rìn. Yóò máa wọ inú ìtẹ́, yóò máa jáde, kò ní í yé nǹkan kan. Ó ń rọbí, ẹ ó rí i pé ara rẹ̀ ń le koko, ó tún ń rọ̀. Kò jẹun. Ìgbẹ́ rẹ̀ á kéré, tàbí kó má yà rárá. Àmì tó burú jù ni pé kò ní í bá yín jà mọ́ tí ẹ bá gbé e. Ẹ fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ kàn án nísàlẹ̀ ikùn nítòsí ihò ìdí, ó ṣeé ṣe kí ẹ kan ohun líle róbótó. Bí ẹ kò bá kan nǹkan kan, ẹ má tíì sinmi, ẹyin tí èèpo rẹ̀ rọ̀ kì í ṣeé mọ̀ lọ́wọ́. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì ló lè kú, ẹ má ṣe sọ pé ó di ọ̀la.

Ohun tí ẹ ó ṣe: ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú báàfù, irú èyí tí a lè fi wẹ ọmọ tuntun. Ẹ gbé e sínú rẹ̀ kí omi dé ikùn, ẹ dì í mú jẹ́jẹ́ fún bíi ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró díẹ̀ pa ihò ìdí rẹ̀, ẹ gbé e sínú páálí tí aṣọ wà, níbi tó ṣókùnkùn tí àwọn ọmọdé kò ní í máa yọjú. Ẹ gbé omi mímu sí i nítòsí. Bí wákàtí mélòó kan bá kọjá láìsí ẹyin, ẹ tún un ṣe. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú tí kò sì yé, tàbí tí ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti ìbẹ̀rẹ̀, oníṣègùn ẹranko ló kàn. Òun lè fún un ní kálísíọ̀mù tó tètè ń ṣiṣẹ́. Ẹ ti béèrè ibi tí èyí tó sún mọ́ yín wà kí ọ̀rọ̀ tó dé. Iléèwé ìṣègùn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣùgbọ́n pẹ́pẹ́yẹ tó ń rọbí kò lè dúró de ìrìn-àjò Ìbàdàn.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́ níkùn. Ẹ má gún ẹyin náà, ẹ má fi ṣíbí wá a. Èèpo tó bá fọ́ sínú dà bí abẹ, yóò ya ẹran inú rẹ̀, ọgbẹ́ á sì di egbò. Ẹ má sì ra abẹ́rẹ́ ìrọbí ti ènìyàn lọ́dọ̀ kẹ́míìsì. Bí ẹran pupa bá yọ síta nídìí rẹ̀, ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, kí ó má gbẹ, ẹ yà á sọ́tọ̀ kí àwọn yòókù má baà ṣá a, ẹ pe oníṣègùn.

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá sì kú lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹyin mọ́. Láti ọdún 2006 tí wọ́n ti rí àrùn burúkú àwọn ẹyẹ nì ní Kàdúná, a ti mọ̀ pé ó lè ran ènìyàn. Ẹ má ṣe é jẹ, ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba.

Ṣùgbọ́n inú abọ́ oúnjẹ ni àìsàn yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ni à ń fún wọn? Èèrí ògì, ẹ̀bà àná, búrẹ́dì tó ti bu. Ìyẹn ń kún ikùn, kì í kún egungun, ó sì ń sọ wọ́n di ọlọ́ràá. Èyí tó bá ń yé, ẹ máa fi oúnjẹ adìyẹ tó ń yé kún tirẹ̀. Kálísíọ̀mù ọ̀fẹ́ sì wà ládùúgbò wa ju bí a ṣe rò lọ. Àwọn aládùúgbò wa láti ìhà Delta àti Calabar ń se ìṣáwùrú, wọ́n ń da ìkarahun rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ sá a, ẹ yan án lórí iná, kí ẹ gún un kó rí bíi yanrìn tó ga díẹ̀. Ìkarahun ìgbín náà dára, èèpo ẹyin náà dára bí ẹ bá yan án. Inú abọ́ ọ̀tọ̀ ni kí ẹ gbé e sí, kí èyí tó bá nílò rẹ̀ mú un fúnra rẹ̀. Ẹ má pò ó mọ́ oúnjẹ àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, ó ń ba kíndìnrín wọn jẹ́.

Kálísíọ̀mù kò ní í ṣiṣẹ́ láìsí oòrùn. Èyí tí a sé mọ́ abẹ́ àtẹ̀gùn látàárọ̀ dalẹ́, bíi tèmi, ẹ jẹ́ kó máa jáde. Akọ kan tó fún abo mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí akọ bá pọ̀, wọn yóò máa dá abo lágara, wọn á sì máa ṣe é léṣe. Omi tó mọ́, kì í ṣe ti gọ́tà, kó jìn tó kí wọ́n lè ri orí sí i.

Èmi àti ìyá tí mo bá jà ti parí ìjà wa tipẹ́. Odó rẹ̀ ni mo fi ń gún ìkarahun báyìí. Ó gbà pé ká gbé odó náà wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ìkarahun ìṣáwùrú nílé kó fọ̀ ọ́, kó yan án, kó mú un dání.