Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọpọlọ ṣiṣẹ́, ẹ dìde ṣeré

Òṣìṣẹ́ báńkì, agbẹjọ́rò, olùkọ́ yunifásítì, oníròyìn, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá: iṣẹ́ yín le lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí nìkan ló ń ṣe é. Ìdí ń jókòó, ẹsẹ̀ ń sùn. Ìmọ̀ràn díẹ̀ rèé.

Ẹ máa ṣe eré tó ń mú èémí yára. Láàárín 1968 sí 1970, olùwádìí ìlera kan, Jeremy Morris, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọkùnrin tó ti tó ẹni 40 ọdún sókè tí wọ́n ń jókòó ṣiṣẹ́, kọ gbogbo ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta kan sílẹ̀. Wọ́n wá ń ṣọ́ ìlera wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń ṣe eré líle nígbà tí ọwọ́ wọn dilẹ̀, àrùn ọkàn tó mú wọn kò ju bí ìdajì èyí tó mú àwọn yòókù lọ. Morris yìí kan náà ló ti fi hàn ní 1953 pé àrùn ọkàn ń mú awakọ̀ bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù, tó ń jókòó látàárọ̀, ju kọ̀ńdọ́ tó ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì alájà méjì lọ. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà o.

Ẹ má ka wíwo bọ́ọ̀lù mọ́ eré ìdárayá. Ẹni tó ń pariwo Arsenal níwájú tẹlifíṣàn, tí bíà àti súyà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àyà rẹ̀ lè máa já lóòótọ́. Àwọn 22 tó wà lórí pápá ló ń ṣe eré ìdárayá.

Ẹ ka ìṣẹ́jú. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020 ni pé kí àgbàlagbà fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 ṣe eré tó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀, tàbí 75 bí eré náà bá le, kó sì ṣe èyí tó ń mú iṣan lágbára lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, eré yín ti mọ níwọ̀n nìyẹn.

Ẹ má dúró de ìgbà tí àyè máa yọ. Ẹni tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó ní ìdájí, àyè kò ní yọ fún un láéláé. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yóò bá gba wákàtí méjì lọ́wọ́ yín ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wá pápá kan nítòsí ọ́fíìsì, kí ẹ gbá bọ́ọ̀lù títí ọ̀nà yóò fi já.

Ẹ bẹ ilé iṣẹ́ yín fún tábìlì tẹníìsì. Kò gba àyè, òjò kò dá a dúró, àgbà kò sì lè fi ọjọ́ orí ṣe àwáwí: Fúnkẹ́ Oshonaike, ọmọ Èkó, gbá a ní Òlíńpíìkì méje, láti Atlanta ní 1996 títí dé Tokyo, nígbà tó ti di ẹni ọdún 45.

Ẹ má gbé ipò lọ sórí pápá. Bí ọ̀gá bá wà nínú ẹgbẹ́ kejì, ẹ gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ ó dọ̀bálẹ̀ kí i tí eré bá parí. Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ má fi dandan lé e. Eré tí wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tí kò wá sílẹ̀, iṣẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí obìnrin ṣeré. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ eré ilé iṣẹ́, ọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù, obìnrin ń bu ìrẹsì. Ìwà burúkú ni. Akọ̀wé ni wọ́n, ìdí tiwọn náà ń jókòó.

Ẹ má fi kìlómítà 42 bẹ̀rẹ̀. Láti 2016 ni eré sísá ọlọ́nà jíjìn ti ń wáyé l'Ékòó, ó sì ń wu ènìyàn láti wọ bàtà tuntun dara pọ̀. Kìlómítà 10 náà wà níbẹ̀. Kódà, ẹ kọ́kọ́ sá yí àdúgbò yín ká ná.

Ẹ má fara da àyà dídùn. Bí àyà bá ń fún yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tàbí tí apá òsì ń ro yín nígbà tí eré ń lọ, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n gbé yín lọ sí ọsibítù. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rí dókítà yín kí ẹ tó wọ pápá rárá.