Ilé Ìkàwé Ìjọba, Ọ̀ràn Tiwa Náà Ni

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti àlùwàlá tàbí ìrun, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ẹ̀sìn. Gbogbo wa la mọ̀ pé àṣẹ ìwé kíkà ni Málékà Jibrilu kọ́kọ́ mú tọ Ànábì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wá nínú ihò Hira. Òun ló bẹ̀rẹ̀ Súrà 96. Ìtàn sì sọ fún wa pé lẹ́yìn ogun Badr, àwọn òǹdè tí kò lówó ìràpadà ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ̀wé, ọmọ mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n kọ́ ní ìwé ní Mẹ̀dínà kí wọ́n tó gba òmìnira. Ọ̀tá ni àwọn olùkọ́ wọ̀nyẹn, Ànábì kò torí bẹ́ẹ̀ kọ ìmọ̀ ọwọ́ wọn.

Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé ìjọba bá délẹ̀ nínú ìpàdé wa, tí a máa ń gbọ́ pé, "Àlejò ni wá, ẹ jẹ́ kí onílé tún ilé rẹ̀ ṣe"? Ó jọ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, àmọ́ àwọn ọmọ wa ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Ọmọ tó ń múra ìdánwò WAEC, inú yàrá kan náà ni òun, àwọn àbúrò rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ jọ wà. Ibo ni yóò jókòó sí kàwé? Ẹni tí wọ́n bí síbí, tí òun náà bímọ síbí, tó ń sanwó orí níbí, ìgbà wo ni àlejò ṣíṣe rẹ̀ yóò tó parí?

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 15, ní kí ìjọba rí i pé ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ olùgbé ní kíkún níbi gbogbo ní orílẹ̀-èdè yìí. Abala 18 ní kí ìjọba sapá láti mú àìmọ̀wé kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì yọ̀. Apá Kejì ìwé òfin náà ni abala méjèèjì wà, abala 6 sì ti sọ pé ilé ẹjọ́ kò ní agbára láti fi ipá mú ìjọba ṣe ohun tó wà níbẹ̀. Ẹnu wa, ẹsẹ̀ wa àti ìbò wa nìkan ló kù tí a lè fi béèrè.

Àwọn kan nínú wa ní kí a kúkú kọ́ tiwa sínú ọgbà mọ́ṣáláṣí. Òótọ́ ni pé àwọn baba wa tó dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923 dá owó jọ, wọ́n sì kọ́ ilé ìwé tiwọn. Ìdí wà fún un: ọmọ Mùsùlùmí tó wọ ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì lè dẹni tó yí orúkọ àti ẹ̀sìn padà. Ilé ìkàwé yàtọ̀. Bí ó bá jẹ́ tiwa nìkan, ọmọ aládùúgbò kò ní wọlé, ọjọ́ tí alhaji tó ń ra epo jẹnẹrétọ̀ bá sì rìnrìn àjò, ilẹ̀kùn tì nìyẹn.

Àwa náà ti ṣe àṣìṣe rí. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí a kọ, alága, akọ̀wé àti lèmọ́mù wa nìkan ló fọwọ́ sí i, oṣù January ni a sì gbé e lọ. Ọ̀gá tó gbà wá lálejò bi wá pé mélòó ni àwọn tó ń lo ilé náà, pé àwọn ará àdúgbò yòókù dà. A ò rí èsì fọ̀. Ó tún ní wọ́n ti fọwọ́ sí ètò ìṣúná ọdún náà, kò sí ohun tí òun lè ṣe. Inú bí wa, a rò pé nítorí pé a jẹ́ Yorùbá ni. Nígbà tó yá, a rí i pé ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà.

Lọ́dún kejì, a fi rẹ́jísítà sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹni tó bá wọlé kọ orúkọ, ọjọ́ àti ìwé tó wá wá. Ìwé náà la àwa gan-an lójú. Ọmọ Hausa ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn ọmọ Igbo wà, àwọn ọmọbìnrin tó ti Islamiyya dé sì wà, tí wọ́n ń wá ìwé bàọ́lọ́jì. Ọ̀dọ̀ mai-unguwa la kọ́kọ́ gbé e lọ. Àwọn Hausa kúkú ti mọ ohun tí à ń sọ, láyé N.A. ni wọ́n ti ń pè é ní *dakin karatu*. Òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe káńsẹ́lọ̀, tó sì ní kí àwọn Igbo àti àwọn ará ìjọ Kirisitẹni fọwọ́ sí i pẹ̀lú wa. Wọ́n ti tún òrùlé ṣe. Ìwé tuntun ni kò tíì dé.

Ìwé la fẹ́ béèrè báyìí, oṣù September sì ni a óò bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó pa ìṣúná dé. Ìjọba ìbílẹ̀ ní ipa tirẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ àgbà, gẹ́gẹ́ bí ìwé òfin ti wí. Ní 11 July 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Kí a bi káńsẹ́lọ̀ wa, níwájú mai-unguwa, pé èló ni yóò jẹ́ ti ìwé nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sì wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa, kí a kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀.

Rẹ́jísítà tuntun wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹ rí i pé àwọn ọmọ yín ń kọ orúkọ síbẹ̀, kí ẹ̀yin ìyá sì sọ ọ́ fún àwọn ìyá yòókù tí ẹ jọ ń pọn omi. Àwọn tí yóò lọ kí mai-unguwa yóò gbéra lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù September.