Ibi Tí Hẹ́dífóònù Ti Ń Purọ́: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Tó Ń Míìsì Orin

Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ míìsì a máa lọ sí Alábà tàbí Computer Village ní Ìkẹjà, a gbé hẹ́dífóònù sétí, ẹni tó ń tà á a sì fi orin kan sí i láti orí fóònù. Béèsì a lù ú láyà, orí rẹ̀ a wú, a ka owó sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Hẹ́dífóònù tó ń mú gbogbo orin dùn ni ẹni tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fura sí.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bí ẹ̀rọ bá ti fi béèsì kún ohun tó wà nínú orin, ọwọ́ ẹni tó ń míìsì á máa dín béèsì kù láìmọ̀, torí etí rẹ̀ ń sọ fún un pé ó ti pọ̀ jù. Lóru ọjọ́ yẹn, orin náà á dára. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí wọ́n fi í sínú mọ́tò, tàbí tí DJ gbé e sórí sípíkà níbi ìnáwó, orin á rí pẹlẹbẹ, ìlù rẹ̀ kò ní nípọn. Bákan náà ló rí bó bá jẹ́ ohùn òkè ni ẹ̀rọ náà gbé ga: olùmíìsì á gé ohùn òkè kù, orin kò sì ní mọ́ létí ẹlòmíì. Ohun tí ẹ̀rọ fi kún un ni orin á ṣaláìní.

Kò sí hẹ́dífóònù tí kì í yẹ̀ kúrò lórí òótọ́ níbì kan. Nítorí náà, ẹni tó ń dán ọ̀kan wò kò wá èyí tí kò lábùkù. Ó ń wá ibi tí àbùkù náà wà, bó ṣe tó, àti bóyá ó ṣeé bá gbé. Bí adájọ́ ṣe ń ṣe sí ẹlẹ́rìí tó mọ̀ pé ó máa ń fi iyọ̀ sọ́rọ̀ ni: kò lé e kúrò ní kóòtù, ó kàn mọ iye tí òun yóò yọ kúrò nínú ohun tó bá sọ.

Ẹ jẹ́ ká wo hẹ́dífóònù mẹ́ta tí gbogbo ayé mọ̀. Sony MDR-7506 ti wà lórí àtẹ láti 1991, ó sì wọ́pọ̀ ní sitúdíò àti ilé-iṣẹ́ rédíò káàkiri ayé. Ó máa ń tú àṣírí ìró ẹnu, mímí akọrin àti ariwo kéékèèké inú wáyà kíákíá, nítorí pé ohùn òkè rẹ̀ mú. Ìwà yìí dára fún ẹni tó ń wá àléébù inú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi míìsì láìmọ̀ ọ́n lè gé ohùn òkè jù. Beyerdynamic DT 990 Pro ti Jámánì náà mú lókè, ìró «s» sì lè máa gún etí nínú rẹ̀. Ní ti Sennheiser HD 600 tó jáde ní 1997, ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ló gbẹ́kẹ̀ lé ohùn àárín rẹ̀, ibi tí ohùn ènìyàn ń gbé. Síbẹ̀, béèsì rẹ̀ ń dínkù bó ṣe ń lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó ń ṣe orin tí log drum, ìró béèsì amapiano, wà nínú rẹ̀ lè máa fi béèsì kún un lórí HD 600, títí yóò fi pọ̀ kọjá ààlà lórí sípíkà ńlá.

Ẹ̀rọ gidi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ti bá àwọn ọ̀gá ṣiṣẹ́. Ohun tó sọ wọ́n di irinṣẹ́ ni pé àwọn tó ń lò wọ́n mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Láti 1968 tí Sennheiser ti gbé HD 414 jáde ni hẹ́dífóònù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí ti wà lọ́jà. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè, orin kì í há sínú orí, etí kì í sì í tètè rẹ̀. Fún míìsì, òun ni ọ̀pọ̀ àgbà iṣẹ́ fẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn ń jáde nínú rẹ̀, ariwo ìta náà sì ń wọlé. Akọrin kò gbọ́dọ̀ wọ irú rẹ̀ níwájú máìkì, nítorí ìlù tó ń gbọ́ létí á yọ́ wọnú ohùn tí wọ́n ń gbà sílẹ̀. Níbi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti ń ké lábẹ́ fèrèsé, tí sípíkà ilé ìjọsìn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹlẹ́yìn-dídí bíi Beyerdynamic DT 770 Pro ló bójú mu. Ọ̀dọ́ tí owó rẹ̀ ká ẹyọ kan péré, tó sì tún ń gba ohùn akọrin sílẹ̀, kó ra ẹlẹ́yìn-dídí, kó sì fi àwọn àkókò tí àdúgbò bá dákẹ́ ṣe ìpinnu tó lẹ́lẹ́gẹ́.

Nọ́ńbà ara páálí ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń kọ gàdàgbà kò ní láárí tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé DT 770 Pro ń gbé ohùn láti 5 Hz dé 35,000 Hz, nígbà tó jẹ́ pé 20 Hz sí 20,000 Hz ni wọ́n máa ń kà sí ààlà etí ènìyàn, ọjọ́ orí sì ń gé e kù láti òkè. Nọ́ńbà náà kò sọ bí ohùn ṣe ga tàbí rẹlẹ̀ sí láàárín ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Èyí tó yẹ kí ọ̀dọ́ wò ni iye ohm. MDR-7506 jẹ́ 63 ohm, HD 600 jẹ́ 300, DT 770 Pro sì ní oríṣi 32, 80 àti 250. Ohm tó ga ń béèrè iná tó lágbára lọ́wọ́ ohun tí wọ́n bá so ó mọ́. Ẹni tó bá ki HD 600 bọ inú fóònù, tó sì sọ pé kò dún dáadáa, fóònù ló dán wò. Interface tàbí anpilifáyà tí yóò fi ṣiṣẹ́ nílé ni kó gbé lọ dán an wò.

Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, òfin kan wà tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀: bí wọ́n bá ń fi hẹ́dífóònù méjì wé ara wọn, kí ariwo tí méjèèjì ń pa dọ́gba. Ní 1933, àwọn olùṣèwádìí Fletcher àti Munson ní Bell Labs fi hàn pé bí ohùn bá rẹlẹ̀, etí kì í gbọ́ béèsì dáadáa bíi ti ohùn àárín. Nítorí náà, èyí tó bá fi díẹ̀ pariwo ju èkejì lọ á dà bíi pé ó kún, pé ó sì mọ́ jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi owó ra ariwo lásán. Kí ọ̀dọ́ yí ọwọ́ ìró títí tí ohùn akọrin á fi tó nǹkan kan náà nínú méjèèjì, kó tó sọ̀rọ̀ nípa ìyókù.

Orin tí yóò fi dán an wò kò gbọ́dọ̀ jẹ́ orin tuntun. Kó jẹ́ orin márùn-ún tàbí mẹ́fà tó mọ̀ bí ẹni mowó, kó sì jẹ́ WAV tàbí FLAC, kì í ṣe èyí tí wọ́n wà jáde láti orí YouTube. Àwo «Juju Music» ti King Sunny Adé, tí Island gbé jáde ní 1982, dára fún un: gìtá pọ̀ nínú rẹ̀, Démọ́lá Adépọ̀jù ń fa gìtá onírin rẹ̀ gba àárín wọn kọjá, ìlù sì wà lábẹ́. Ṣé gìtá kọ̀ọ̀kan dúró láyè tirẹ̀, àbí gbogbo wọn ti dì pọ̀ sójú kan? «Zombie» ti Fẹlá, ti 1976, gùn ju ìṣẹ́jú 12 lọ. Ìlù Tony Allen nínú rẹ̀ kì í sinmi, fèrè sì ń wọlé pẹ̀lú agbára. Bí etí bá ti rẹ olùgbọ́ kí orin náà tó parí, ó ti rí nǹkan kan mọ̀ nípa ohùn òkè ẹ̀rọ náà. «Drums of Passion» tí Bàbátúndé Ọlátúnjí gbà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tí Columbia gbé jáde ní 1960, wà fún awọ ìlù àti ọwọ́ tó ń lù ú.

Ọmọ Yorùbá tún ní ìdánwò kan tó sún mọ́ ọn ju gbogbo èyí lọ: dùndún. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, bí ohùn rẹ̀ ṣe ń gòkè tó sì ń yọ̀ wálẹ̀ ni a fi ń mọ ohun tó wí. Ẹni tó gbọ́ èdè ìlù lórí sípíkà tó dára gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ nínú hẹ́dífóònù pẹ̀lú, láàárín gìtá àti ègbè. Bí oríkì tí ìyáàlù ń ki bá di ìró lásán, ó lè jẹ́ pé ohùn àárín ẹ̀rọ náà ti jin kòtò, tàbí kí béèsì rẹ̀ ti bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Kó gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà: ìlẹ̀kẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kan ara igbá, kó sì ṣeé gbọ́ bẹ́ẹ̀, bó bá di ṣíṣàà kan ṣoṣo tó ń gún etí, ohùn òkè ti ga jù. Kó gbọ́ ibi tí akọrin ti ń pe «s» àti «ṣ», kó mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ wọn hàn kedere láìta sí i létí. Ọ̀nà tí a fi ń mọ ẹni tó jẹ̀bi rọrùn: bí àléébù kan bá wà nínú gbogbo orin, ti ẹ̀rọ ni, bó bá wà nínú orin kan péré, ti orin náà ni.

Lẹ́yìn orin, kó lo ìró ìdánwò tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti 20 Hz. Irú rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó má ṣe jẹ́ kó pariwo. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin ń dún ní nǹkan bí 41 Hz. Kó kíyè sí ibi tí òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìró náà dáadáa, bóyá nǹkan ń gbọ̀n rìrì nínú ẹ̀rọ, àti àwọn ibi tí ìró ti ga lójijì tàbí tó ti rì. Kó fi orin mono sí i pẹ̀lú. Ohùn akọrin gbọ́dọ̀ dúró gbọnin láàárín orí. Bó bá fì sí apá kan, kó yí ẹ̀rọ náà padà létí: bí ohùn bá bá ẹ̀rọ yí, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹ̀rọ kò dọ́gba, bó bá dúró síbi tó wà, etí rẹ̀ ni kò dọ́gba, kó sì lọ rí dókítà etí.

Ara náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀rọ ẹlẹ́yìn-dídí nílò kí tìmùtìmù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ awọ ara yíká etí kí béèsì tó lè pé. Ẹsẹ̀ awò ojú, etí fìlà, gèlè tàbí híjáàbù lè la àyè sílẹ̀, béèsì á sì jò lọ. Bí olùmíìsì ṣe máa ń wọṣọ lọ síbi iṣẹ́ ni kó ṣe wọ ẹ̀rọ náà dán wò, fún ó kéré tán wákàtí kan. Nínú ooru, tìmùtìmù aláwọ ń mú òógùn wá, èyí tó jẹ́ aṣọ sì ń jẹ́ kí etí gba afẹ́fẹ́. Tìmùtìmù tó ti gbó a máa yí ohùn padà, nítorí náà kí ọ̀dọ́ bèèrè bóyá wọ́n ń ta tuntun rẹ̀ lọ́tọ̀. Kó wo wáyà náà: ti HD 600 ṣeé yọ kí wọ́n fi òmíràn sí i, ti MDR-7506 kò ṣeé yọ láìtú ẹ̀rọ. Bí owó rẹ̀ bá kéré débi tó ń yani lẹ́nu, ayédèrú ni kó kọ́kọ́ rò.

Bó ti wù kí hẹ́dífóònù dára tó, nǹkan kan wà tí kò lè ṣe bíi sípíkà. Nínú yàrá, etí òsì ń gbọ́ sípíkà ọ̀tún pẹ̀lú, ó kàn pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Nínú hẹ́dífóònù, òsì dá wà, ọ̀tún dá wà. Láti 1961 ni ẹnjiníà Benjamin Bauer ti ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí, tó sì dábàá bí a ṣe lè fi díẹ̀ lára ohùn apá kan ránṣẹ́ sí ìkejì. Ohun tó túmọ̀ sí fún iṣẹ́ ni pé gìtá tí wọ́n tì sí ẹ̀gbẹ́ á dà bí ẹni pé ó jìnnà jù, gbohùn-gbohùn inú ohùn akọrin á sì ṣeé gbọ́ ju bó ṣe máa rí nínú yàrá. Kò sí míìsì tó parí lórí hẹ́dífóònù nìkan. Kó gbọ́ ọ lórí sípíkà, kó gbọ́ ọ nínú mọ́tò, kó gbọ́ ọ láti ẹnu fóònù, kó sì gbọ́ ọ ní mono.

Etí tó ń ṣe gbogbo ìdánwò yìí kò ní àrọ́pò. NIOSH, àjọ tó ń ṣèwádìí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi ààlà sí wákàtí 8 lójúmọ́ fún ariwo tó tó 85 dBA. Bó bá fi 3 dB lé sí i, àkókò á gé sí ìdajì: wákàtí 4 ní 88, wákàtí 2 ní 91. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn iṣẹ́, ariwo ti pọ̀ jù. Kí ọ̀dọ́ máa míìsì ní ìró tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi lè pè é kó gbọ́, kó sì máa yọ hẹ́dífóònù létí láti sinmi lóòrèkóòrè.

Bó bá rà á tán, kó má ṣe fi iṣẹ́ oníbàárà bẹ̀rẹ̀. Kó kọ́kọ́ fi gbọ́ orin tó mọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kó wá tún orin àtijọ́ ara rẹ̀ kan míìsì lórí rẹ̀, kó gbé e lọ sórí sípíkà àti sínú mọ́tò, kó sì kọ ohun tó bá rí sínú ìwé: béèsì pọ̀ jù níbí, ohùn akọrin rì níbẹ̀, «s» mú jù. Lẹ́yìn tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún orin mẹ́rin tàbí márùn-ún, ohun kan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ sọ nínú ìwé náà. Kó kọ ọ́ sórí bébà kékeré, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà: «dín béèsì kù díẹ̀ ju bí etí ṣe fẹ́», «gé ohùn òkè díẹ̀ sí i». Ọjọ́ tó bá pààrọ̀ tìmùtìmù, kó ya bébà náà, kó sì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò láti orí orin àkọ́kọ́.