Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ OHUN Ọ̀SÌN: ARA YÍYÚN ÀTI EGBÒ GBÍGBÓNÁ LÁRA AJÁ

Ọ̀rọ̀ ajá ni ẹ̀kọ́ wa lónìí. Ajá ni ọlọ́dẹ ọ̀pọ̀ nínú wa. Òun ló ń ṣọ́ ilé, òun ló ń ṣọ́ kòkó tí a sá. Ṣùgbọ́n ajá tí ara ń yún tọ̀sán tòru, kí ló fẹ́ ṣọ́?

Àṣà kan wà tó yẹ ká jáwọ́ nínú rẹ̀. Bí irun ajá bá ti ń re báyìí, àwọn mìíràn á da ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì tú lára mọ́tò sí i lára, tàbí kẹrosíìnì, tàbí oògùn kòkó. Ajá a máa lá ara rẹ̀, nítorí náà ohun tí a dà sí i lára, inú rẹ̀ ló ń lọ. Èyí tí kò lá, ojú egbò á fà á wọlé. Gamalin 20 tí a ń fín sí kòkó nígbà kan rí, lindane ló wà nínú rẹ̀. Májèlé tó lè mú gìrì, tó sì lè pani ni. Lọ́dún 2009 ni wọ́n fi lindane kún àwọn oògùn tí Àdéhùn Stockholm ní kí ayé pa tì. Ẹ rántí pé àwọn ọmọ wa ń fọwọ́ pa ajá yìí lára, wọ́n sì ń fi ọwọ́ kan náà jẹun.

Kí la ó wá ṣe? Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa, nítorí àìsàn awọ kì í ṣe ẹyọ kan.

1. Egbò gbígbóná. Ojú kan á pọ́n, á gbóná, irun á lẹ̀ pọ̀, omi á máa sun jáde. Láàárọ̀ ó lè tó kọ́bọ̀, kó tó di alẹ́ ó ti tó àtẹ́lẹwọ́. Ìdí ìrù, itan àti abẹ́ etí ló sábà máa ń wà. Eégbọn, yọ̀rọ̀, etí dídùn tàbí irun tí òjò pa tí kò gbẹ ló ń fà á. Ajá á máa họ ọ́, á máa gé e jẹ, awọ á sì bó.

2. Kúrùnà. Etí etí, ìgúnpá àti ikùn ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Irun á re, awọ á nípọn, á sì ń yún un gidigidi. Ó ń ràn ajá mìíràn, ó sì lè mú kí ara yún ènìyàn.

3. Làpálàpá. Irun á re róbótó róbótó. Èyí náà ń ràn wá, pàápàá àwọn ọmọdé.

Fún egbò gbígbóná, ẹ fi aṣọ di ẹnu ajá díẹ̀, nítorí ìrora lè mú un bu ni jẹ. Ẹ gé irun tó yí egbò ká. Ẹ bu iyọ̀ ṣíbí ìmutíì kan sí ìdajì lítà omi tí a sè tó ti tutù, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ má dì í. Ẹ gé páálí róbótó wọ̀ ọ́ lọ́rùn kó má lè fẹnu kàn án. Ẹ má fún un ní parasítámọ̀ tàbí ibuprofen; wọ́n lè pa á. Bí kò bá gbẹ lọ́jọ́ méjì, bí ó bá ń rùn, tàbí bí ìdin bá ti wà níbẹ̀, ó di ọwọ́ dókítà ẹran.

Kúrùnà àti làpálàpá, ti dókítà ni látìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ajá ilé ni kó tọ́jú, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ má bá wọn gún ivermectin ti màlúù: ìwọ̀n ajá yàtọ̀, ó sì lè pa àwọn ẹ̀yà kan, bíi Collie.

Àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí egbò bá jinná tí eégbọn ṣì wà lára ajá, egbò mìíràn ń bọ̀. Ẹ máa ṣa eégbọn, ẹ máa gbá ibùsùn rẹ̀.

Owó dókítà ńkọ́? Ṣebí ẹgbẹ́ la jẹ́. Kí àwa tí a wà ládùúgbò kan dá owó pọ̀, kí a pè é lẹ́ẹ̀kan náà, kí ajá gbogbo wa sì gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́jọ́ yẹn.