Àkànní, Ta Ló Ní Kò Sí Nǹkan Nínú Fíìmù Yẹn?

Àkànní, ìwọ ọmọ yìí! Mo ní kí o wo fíìmù, o wo ìdajì, o ní, "Àǹtí, kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀." Fíìmù tí kò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ! Bọ́ọ̀lù tó ta ọ̀mì, ṣebí o máa ń wò ó dé òpin.

Jókòó, kí n sọ ohun tí o fò kọjá fún ọ. Abderrahmane Sissako ló ṣe fíìmù náà, La Vie sur terre, ní 1998. Mauritania ni wọ́n bí i sí, Màlì ló dàgbà sí, Moscow ló ti kọ́ṣẹ́ fíìmù kó tó wá máa gbé ní Faransé. Tẹlifíṣọ̀n Arte ló bẹ àwọn olùdarí fíìmù lọ́wẹ̀ pé kí wọ́n ṣe fíìmù lórí bí ọdún 2000 ṣe ń wọlé bọ̀. Sissako ní Sokolo lòun ń lọ, ìlú bàbá òun ní Màlì. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Dramane, ẹni tó ń bọ̀ wálé nínú fíìmù náà. Bàbá tó bí i gan-an ló sì ṣe bàbá Dramane.

Ṣé o rí ilé ìtajà ńlá tó fi bẹ̀rẹ̀ ní Paris? Bọ́tà àti wàràkàṣì tò lọ rẹrẹẹrẹ. Kò pẹ́, a ti bá ara wa lábẹ́ igi ńlá kan ní Sokolo. Kò ṣàlàyé kankan. Àlàyé kí ni?

Àwọn ọkùnrin tó jókòó ti ògiri ńkọ́? Rédíò ń sọ bí àwọn ìlú ńlá ayé ṣe ń múra ọdún tuntun. Òòrùn ń yí, ibòji ń súnkì, àwọn náà ń sún àga wọn tẹ̀lé e, títí ibòji fi tán, tí wọ́n dìde. Ibẹ̀ gan-an lo ti tẹ̀ ẹ́ síwájú!

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọmọbìnrin kan, Nana, gun kẹ̀kẹ́ wá, ó fẹ́ fi fóònù wá ẹnìkan. Òṣìṣẹ́ ń pè, ìlà ò lọ. Tó bá lọ, ẹni tí wọ́n ń wá kò sí nítòsí. Ayé ń bọ́ sí 2000, Sokolo ṣì ń wá ìlà. Kò sí ẹni tó sunkún, kò sí orin arò. Sissako kò wá kó ìyà ará ilé lọ ṣe ìran fún ẹlòmíràn. Ó jókòó tì wọ́n ni.

Ìwọ ńkọ́, olówó orí mi? Ọwọ́ rẹ là, Ọlọ́run á máa bù kún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí o dé Ìgbẹ́tì, ìlú wa, kẹ́yìn, páànù ilé bàbá àgbà tó ti dípẹtà lo ya fọ́tò rẹ̀, o gbé e sórí Facebook. Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń retí kí o wá gbọ́ ìtàn, o ti wọ mọ́tò.

Ó yá, lálẹ́ Sátidé, jẹun yó, gbé fóònù jù sí yàrá, kí o wò ó látìbẹ̀rẹ̀. Tí o bá wò ó tán, pè mí. Mi ò fẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ o, ohùn rẹ ni mo fẹ́ gbọ́. Kí o sì ti mọ ọjọ́ tí a jọ ń lọ Ìgbẹ́tì.