Ẹ Gbọ́ Ohùn Igbó Ná

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń mú àlejò wo ẹranko ní igbó Ìdànrè, inú ń bí mi, n kò sì ní fi pamọ́. Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú yín kó àwọn àlejò wọ igbó abẹ́ òkè lálẹ́. Kò tíì jókòó tó fi fa fóònù yọ, ó fi sípíkà gbé igbe ọ̀fàfà sáfẹ́fẹ́. Igbe náà han gooro. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ọmọ náà mọṣẹ́. Ìyìn yẹn dùn mí ju iṣẹ́ náà lọ.

Igbe ibòmíràn ni! Ọ̀fàfà tiwa kì í han bẹ́ẹ̀. Gbígbó ló ń gbó. Ní 2021 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kéde pé ọ̀fàfà tó ń gbé láàárín odò Ọya àti odò Volta jẹ́ ẹ̀yà ọ̀tọ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dendrohyrax interfluvialis. Ohùn rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi dá a mọ̀, pẹ̀lú agbárí tó kúrú tó sì fẹ̀, àti irun tí kò dúdú tó ti àwọn ìbátan rẹ̀. Àwọn tó wà lódìkejì odò méjèèjì ló ń ké gooro. Ohùn àjèjì ni ọmọ yẹn fi han àlejò nínú igbó baba rẹ̀.

Mi ò ní kọ́ yín ní aṣọ wíwọ̀ tàbí bí a ṣe ń mọ ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ẹ mọ ìyẹn. Jíjókòó tẹ́tí ni ẹ ń fò kọjá. Bí ẹ bá débi tí ẹ fẹ́ dúró sí, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì, ẹ jókòó, kí ẹnikẹ́ni má fọhùn títí ohùn tí ìró ẹsẹ̀ yín pa lẹ́nu mọ́ yóò fi padà: ìrẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀lọ́, lẹ́yìn náà òwìwí.

Ọdẹ ni baba tó kọ́ mi. Kì í jẹ́ kí n béèrè ohunkóhun lórí ẹ̀gùn. Ilẹ̀ á mọ́, a ó máa bọ̀ wálé láàárín oko kòkó, òun á wá bi mí pé: ohùn wo ló kọ́kọ́ jáde? Apá ibo? Èwo ló dáhùn? Bí mo bá mẹ́nu ba ohun tí mo rí, á ní òun kò béèrè ti ojú. Ó máa ń bí mi nínú nígbà náà. Lónìí, àárò ìbéèrè yẹn ń sọ mí, nítorí kò sẹ́ni tó ń bi ẹ̀yin.

Ẹ ó ní àlejò kì í ní sùúrù. Irọ́ ni. Ẹni tó gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lọ wo ààfin Ọwá àtijọ́ lórí òkè ní sùúrù. Ẹ̀yin ni ẹ kò sọ fún un pé kó tẹ́tí. Ẹ jókòó. Mo tún un sọ: ẹ jókòó.

Ẹni tó tẹ́tí dáadáa ló ń mọ igi tí ohùn ti ń wá. Inú ihò igi ńlá ni ọ̀fàfà ń gbé. Ẹ wo ìdí irú igi bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó rí ìgbẹ́ rẹ̀ tó kó jọ sójú kan. Irú igi wọ̀nyí ni wọ́n ń gé kí kòkó lè ríbi dúró. Bí ẹ bá ti mọ igi náà, ẹ tọ àgbẹ̀ tó ni oko lọ, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó dá a sí.