Ògbufọ̀ àti Ìlànà Ìtumọ̀ Èdè

Láti ìgbà tí a ti tẹ ìlú Ìbàdàn dó, ní nǹkan bí ọdún 1829, ni ọ̀pọ̀ ará ìlú náà ti ń ní ilé méjì: ọ̀kan ní ìgboro, èkejì ní abà lóko. Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Mọ́níyà ní Akínyẹlé, tàbí ọ̀nà Lálúpọn ní Lágelú, bí ó bá gba Ẹgbẹ́dá kọjá, tàbí tí ó yà sí Àkànrán ní Ọ̀nà-Àrà, yóò rí irú abà bẹ́ẹ̀ káàkiri. Ilẹ̀ tí wọ́n wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ aláìní-olúwa. Ìdílé kan ni ó ni ín, ẹlòmíràn sì lè wá tọrọ níbẹ̀ láti gbin kòkó àti iṣu. Ẹni tí ó tọrọ ilẹ̀ yóò máa mú nǹkan wá fún onílẹ̀ lọ́dọọdún: iṣu, tàbí epo, tàbí owó lẹ́yìn ìkórè kòkó. Nǹkan yìí ni à ń pè ní ìṣákọ́lẹ̀.

Ní ayé ìjọba òyìnbó, bí ìjà ilẹ̀ bá dé láàrin onílẹ̀ àti ẹni tí ó tọrọ ilẹ̀, ẹjọ́ náà lè ti kóòtù ìbílẹ̀ dé kóòtù gíga, níbi tí adájọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá jókòó sí. Láàrin adájọ́ àti àgbẹ̀ ni ògbufọ̀ máa ń dúró. Ká ní àgbàlagbà kan láti abà kan lẹ́bàá Lálúpọn dìde, tí ó wí pé, "Ogún ọdún ni mo ti ń san ìṣákọ́lẹ̀, n kò sì yẹ̀ ẹ́ rí." Ọ̀rọ̀ wo ni kí ògbufọ̀ fi gbé ìṣákọ́lẹ̀ kalẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì? Bí ó bá fi í wé owó tí ayálégbé ń san, adájọ́ lè rò pé onílẹ̀ lè fún àgbẹ̀ náà ní ìwé oṣù mélòó kan, kí ó sì lé e jáde. Bẹ́ẹ̀ àṣà wí pé òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè jókòó lórí ilẹ̀ náà pẹ́ títí, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá hùwà àìtọ́, tí wọn kò sì sẹ́ onílẹ̀. Bí ó bá pè é ní ẹ̀bùn, ẹ̀tọ́ onílẹ̀ ṣòfò, nítorí ẹ̀bùn kì í ṣe dandan. Bí ó bá sì pè é ní owó ilẹ̀, yóò dà bí ẹni pé a ti ta ilẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n oko kòkó tí bàbá gbìn tí ọmọ ń ká ni ó rọ̀ mọ́ ọn.

Àwọn amòfin àti àwọn adájọ́ rí i nígbẹ̀yìn pé kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá a dọ́gba. Wọ́n fi ìṣákọ́lẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà. Títí di òní, ẹni tí ó bá ṣí ìwé ìdájọ́ lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà yóò bá ọ̀rọ̀ Yorùbá yìí láàrin èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí àlejò tí ó ti di ọmọ ilé. Inú irú ìṣòro báyìí ni ìbéèrè ti ń dìde pé: Ǹjẹ́ ìlànà kan wà tí ó lè kọ́ ògbufọ̀ ní ohun tí yóò ṣe? Bí ó bá sì wà, níbo ni agbára rẹ̀ mọ?

Ohun mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ tí ó ń gbé ìlànà ìtumọ̀ kalẹ̀ ń lépa. Èkíní ni láti ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kúrò ní èdè kan bọ́ sí òmíràn. Èkejì ni láti ran atúmọ̀ èdè lọ́wọ́, kí ó lè mọ ìdí tí ó fi yan ọ̀nà kan tí ó sì fi ọ̀nà kejì sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni láti fún àwọn ẹlòmíràn ní òṣùwọ̀n tí wọn yóò fi wọn iṣẹ́ rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ìfẹ́ inú nìkan ni a ó máa fi yìn ín tàbí tí a ó máa fi bú u.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 395, Jerome, ẹni tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Látìn, kọ lẹ́tà kan láti dá àwọn tí ó ń bú iṣẹ́ rẹ̀ lóhùn. Ó ní òye ọ̀rọ̀ ni òun ń túmọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ó yọ Ìwé Mímọ́ sọ́tọ̀, nítorí lójú tirẹ̀ bí a ti to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pàápàá ní àṣírí nínú. Ní ọdún 1813, Friedrich Schleiermacher sọ ní ìlú Berlin ní Jámánì pé ọ̀nà méjì péré ni ó wà: yálà kí atúmọ̀ èdè mú òǹkàwé lọ bá òǹkọ̀wé nílé rẹ̀, tàbí kí ó mú òǹkọ̀wé wá bá òǹkàwé. Ní ọdún 1964, Eugene Nida, ará Amẹ́ríkà tí ó ti bá àwọn atúmọ̀ Bíbélì ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ya ìbádọ́gba sí oríṣi méjì. Ọ̀kan ń tẹ̀lé ìrísí ọ̀rọ̀ ní èdè àkọ́kọ́. Èkejì ń wá bí ọ̀rọ̀ náà yóò ṣe wọ olùgbọ́ tuntun lọ́kàn gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ àwọn olùgbọ́ àkọ́kọ́. Ní ọdún 1978, Hans Vermeer, ará Jámánì, fi kún un pé iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ìtumọ̀ ṣe ni kí ó pinnu ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é.

Ìlànà wọ̀nyí wúlò, a kò sì gbọdọ̀ fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Nígbà tí ẹni tí ń kọjá lọ bá kí àgbẹ̀ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o," èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìkíni tí ó ṣe déédéé bẹ́ẹ̀. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò ṣàjèjì létí òyìnbó, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé Yorùbá ń kí ènìyàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí a bá fi ìkíni Gẹ̀ẹ́sì kan dípò rẹ̀, yóò rọrùn fún un, ṣùgbọ́n àṣà náà ti fara pamọ́. Schleiermacher kò sọ èyí tí ó tọ́ fún wa níhìn-ín. Ó kàn jẹ́ kí a mọ ohun tí a ó jèrè àti ohun tí a ó pàdánù lọ́nà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí á tún wo ọ̀rọ̀ Vermeer. Ní Akínyẹlé ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ńlá nì, IITA, wà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, níbi tí a ti ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀gẹ́ àti iṣu. Ìmọ̀ràn tí a máa ń fún àwọn tí ń gbin ẹ̀gẹ́ ni pé kí wọ́n fi mítà kan sáàrin igi kan àti èkejì, níbùú àti lóròó. Ìyẹn ni pé hẹ́kítà kan yóò gba igi 10,000. Àgbẹ̀ tí kò ní okùn ìwọ̀n lọ́wọ́ lè má mọ mítà kan, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbésẹ̀ gígùn kan. Ẹni tí ó bá túmọ̀ mítà sí ìgbésẹ̀ ti ṣe ohun tí ó yẹ, nítorí kí ẹ̀gẹ́ lè ta dáadáa ni a ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó ti ń wúlò, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ní ìdíwọ̀n. Bí ó bá jẹ́ pé ẹjọ́ ààlà ilẹ̀ ni, ta ni yóò gbà kí á fi ìgbésẹ̀ dípò mítà? Tí a bá sì padà sí ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀, iṣẹ́ tí onílẹ̀ fẹ́ kí ìtumọ̀ ṣe yàtọ̀ sí èyí tí àgbẹ̀ fẹ́. Ìlànà wí pé kí á tẹ̀lé ète. Kò sọ ète ẹni tí a ó tẹ̀lé nígbà tí ènìyàn méjì bá ń jà. Òótọ́ inú ògbufọ̀ ni yóò dáhùn èyí, a kò sì lè rí òótọ́ inú kọ́ nínú ìlànà.

Ìdíwọ̀n kejì wà lára èdè fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1959, Roman Jakobson sọ pé ohun tí èdè kọ̀ọ̀kan ń fi dandan mú wa sọ ni ó fi yàtọ̀ sí òmíràn, kì í ṣe ohun tí ó lè sọ. Ẹni tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní láti sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ọmọ ìyá òun; kò pọn dandan fún un láti sọ ẹni tí ó dàgbà jù. Yorùbá ń sọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Kò bìkítà bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan bá wí pé ọmọ ìyá olóògbé ni ó jogún oko, atúmọ̀ èdè kò lè kọ ẹ̀gbọ́n, kò sì lè kọ àbúrò, àfi bí ó bá bi àwọn ẹbí léèrè. Ìlànà a máa sọ fún un pé ihò wà níbẹ̀. Kò lè bá a dí i.

Ìdíwọ̀n kẹta ni pé ọ̀rọ̀ tí a bá ti lò kì í dúró sí ibi tí a gbé e sí. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, ni ó ṣe aṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, Thomas King sì wà lára àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́. Ìwé Romu jáde ní ọdún 1850. Odindi Bíbélì parí ní 1884. Crowther a máa wádìí ìtàn àti àṣà láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kan ti wá. Ó gba àlùfáà àti àdúrà tí àwọn Mùsùlùmí ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ìtumọ̀ náà sì sọ yìnyín inú ìwé àjèjì tí ń bọ́ bí òwú di òjò dídì, kí ẹni tí kò rí i rí lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi Èṣù dípò Sátánì, ọ̀rọ̀ náà bọ́ mọ́ni lọ́wọ́. Nínú ìgbàgbọ́ ìbílẹ̀, ìránṣẹ́ tí ń gbé ẹbọ lọ sí òde ọ̀run ni Èṣù, ó sì ń ṣọ́ oríta. Kì í ṣe ọ̀tá Ọlọ́run. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kò mọ Èṣù mìíràn ju ti inú Bíbélì lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò sí ìlànà tí ó lè sọ bí ọ̀rọ̀ yóò ti rí ní ọgọ́rùn-ún ọdún òní.

Iye owó pàápàá, tí ó dà bí ẹni pé ó rọrùn, ní tirẹ̀ nínú. Ní ọdún 1968 sí 1969, nígbà ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ ẹkùn Ìbàdàn ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni àwọn yóò san ní owó orí. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 owó ẹyọ, a sì ń kà á sí ṣílè márùn-ún. Nítorí náà ọ̀kẹ́ mẹ́fà jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè. Ìṣirò náà pé. Síbẹ̀, owó ẹyọ ti kúrò lọ́jà tipẹ́, ohùn àwọn baba ni àwọn àgbẹ̀ fi ń kà á. Ẹni tí ó bá kọ ọgbọ̀n ṣílè ti túmọ̀ iye; kò tíì túmọ̀ ohùn náà.

Ṣé kí á wá sọ pé ìtumọ̀ kò ṣeé ṣe? Rárá o. Ní ọdún 1968, Wole Soyinka túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fagunwa kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1938 sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Fún irúnmalẹ̀, kò lo ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ẹ̀mí búburú. Ó lo ìrísí àtijọ́ ọ̀rọ̀ náà, daemon, kí òǹkàwé lè mọ̀ pé ẹ̀dá mìíràn ni wọ́n. Lẹ́tà kan péré ni ó fi yà wọ́n, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ní òpin gbogbo rẹ̀, ìlànà dà bí àtùpà: ó ń fi ọ̀nà hàn, kì í rin ọ̀nà fún ni. Ẹni tí ó bá mọ ìlànà tí kò mọ ènìyàn yóò túmọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ ní àṣìtumọ̀, ilẹ̀ ẹlòmíràn yóò sì bá a lọ. Ẹni tí ó mọ ènìyàn tí kò ní ìlànà lè ṣe é dáadáa lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kò ní lè sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí á mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ògbufọ̀ rí: ìgbà tí ó bá ṣe é dáadáa ni a kì í rántí pé ó wà níbẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó mú kí àwọn adájọ́ fi ìṣákọ́lẹ̀ sílẹ̀ láìtúmọ̀ rẹ̀?
2. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí ìlànà ìtumọ̀ ń lépa.
3. Nígbà wo ni ó tọ́ kí á túmọ̀ mítà sí ìgbésẹ̀? Nígbà wo ni kò tọ́?
4. Wá ọ̀rọ̀ kan ní agbègbè rẹ tí ó ṣòro láti túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kí o sì ṣàlàyé ohun tí yóò sọnù bí a bá túmọ̀ rẹ̀.